Owó Oṣù Tó Ń Tán ní Ogúnjọ́: Ìdáhùn sí Olùkọ́ Kan ní Mọ́lípa

Arábìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Mọ́lípa, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹwáyà ọkọ̀, Ṣàgámù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, ìyá ọkọ sì ń bá wọn gbé. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀: “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó oṣù mi jẹ́ 92,000 náírà. Ọkọ mi máa ń fún mi ní 3,000 náírà owó ọbẹ̀ ní ọjọ́ tó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn bí ọjọ́ 24 lóṣù. N kì í ra ohun tí kò wúlò. Mo máa ń ná ọjà débi pé àwọn ìyá ọlọ́jà ti mọ̀ mí, Òkè-Àjé ni mo sì ti ń rajà dípò kí n máa rà á lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tó ń fowó lé e. Síbẹ̀, bí oṣù bá ti di ogúnjọ́, owó ti tán, a ti ń yá. Ní ìwọlé táàmù àkọ́kọ́, orí fóònù ni mo ti yá 60,000 kí n lè san owó ilé-ẹ̀kọ́. 75,000 ni mo dá padà lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ọkọ mi sọ pé àpà ni mí. Èmi náà sọ pé ohun tó ń mú wálé ni kò tó. Ṣé kí n yá owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n fi ra oúnjẹ ní àpò-àpò, bóyá ìyẹn á dín ìnáwó kù? Ṣé kí n máa dá àjọ ojoojúmọ́ ni àbí kí n wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀? Níbo gan-an ni owó wa ń gbà lọ?”

Kí n tó dá a lóhùn, mo ní kó ka àwọn ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù fún mi, ó sì kà wọ́n. Owó ilé jẹ́ 180,000 náírà lọ́dún. Àwọn ọmọ kékeré méjì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, 45,000 sì ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ní táàmù kan. Èyí àgbà wà ní girama ìjọba. Ìwé rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù àti owó wẹ́wẹ́ mìíràn kò dín ní 20,000 ní táàmù. Ìléyá, pẹ̀lú aṣọ regbẹ́regbẹ́ ọkọ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, ń gba 120,000.

Arábìnrin, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹ̀bi kúrò lórí yín, kí n sì gbé e kúrò lórí ọkọ yín náà. Ẹ bi mí pé níbo ni owó ń gbà lọ, bí ẹni pé agbè tó ń jò ló wà nílé yín, tí ẹ fẹ́ kí n fi ìka tọ́ ibi tó ti lu. Mo yẹ agbè náà wò, n kò rí ojú ihò tó tóbi. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń ka owó tí kì í ṣe ti oṣù mọ́ owó oṣù. Ẹ mú 92,000 yín, ẹ fi 3,000 ti ọkọ yín ní ìlọ́po 24 kún un, ìyẹn 72,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 164,000 náírà. Iye yìí ló wà lọ́kàn tọkọtaya pé a ní láti ná. Ẹ wá ka àwọn tí kì í wá lóṣooṣù: àwọn ọmọ kékeré méjì fún táàmù mẹ́ta, 270,000, ẹ̀gbọ́n wọn, 60,000, owó ilé, 180,000, Ìléyá, 120,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 630,000 lọ́dún. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ìpín oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 52,500. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 164,000, ó ku 111,500. Ohun tí ẹ ní láti ná lóṣù nìyẹn, kì í ṣe 164,000. Ẹni tó bá sì ń náwó bí ẹni tó ní 164,000, bíi 5,470 ló ń ná lójúmọ́. Bó bá jẹ́ 111,500 ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ogúnjọ́ oṣù ni yóò tán. Ọjọ́ tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín gan-an ni. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, nítorí n kò rò pé yóò bọ́ sójú kan náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè ní, “Ṣùgbọ́n a kì í yọ 52,500 kankan sọ́tọ̀, báwo ló ṣe wá ń jẹ owó wa?” Ẹ̀yìn ló gbà ń jẹ ẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ yá ní oṣù kẹsàn-án, owó oṣù kẹwàá ni ẹ fi san án. Àlàfo tí ìyẹn fi sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, àwìn ni ẹ fi dí i: ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá yìí, òróró lọ́wọ́ ìyá yẹn. Oṣù kọkànlá ni ẹ san àwìn náà, kí ẹ sì tó mí dáadáa, oṣù kìn-ín-ní ti wọlé, táàmù kejì ti dé. Ẹni tó wà nínú irú èyí kì í rí ojú owó rẹ̀; gbèsè ni yóò máa rò pé òun ń san, kò ní mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni òun ń san láti ìgbà náà, pẹ̀lú èlé lórí.

Ọdún 19 ni mo fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú yìí, lẹ́yìn tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó fún ìjọba. N kì í wo kàlẹ́ńdà kí n tó mọ oṣù tí a wà. Àwọn tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ni mo máa ń wò. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ìlà wọn á dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Ìléyá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbólóhùn kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń sọ: “Màmá, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ lójijì.” Mo máa ń fẹ́ bi wọ́n bóyá oṣù kẹsàn-án kò sí nínú ọdún tó kọjá ni. Ìléyá tó tilẹ̀ ń yí kiri, ó ní bó ṣe ń yí: ó máa ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti èṣí lọ. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ bó ṣe máa ń rí. Èyí túmọ̀ sí pé láti Ìléyá kan sí èkejì kò pé oṣù 12 ti òṣìṣẹ́, àwọn tó sì ń tọ́jú owó àgbò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí níbẹ̀ láti sọ. Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù lójoojúmọ́, àlọ àti àbọ̀, kì í ṣe ìrìn àjò kékeré fún oníṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà ti kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sí ibi tó wà mọ́. Ọkọ yín ti san owó ọkọ̀, ó ti jẹun ọ̀sán, ó ti fún ọmọ iṣẹ́ ní tirẹ̀, kó tó di pé ó kó 3,000 lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin rí 3,000. Òun rí ohun tó ti pa kó tó ku 3,000. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò rí i pé ọjọ́ mẹ́fà wà nínú oṣù tí kò fún yín ní nǹkan kan, àti pé ọjọ́ Àìkú wà lára wọn, ọjọ́ tí gbogbo ilé kì í jáde, tí ìkòkò kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí iná láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tọkọtaya kan ní Ìmọ́wọ̀ ní kí n wá bá àwọn parí irú ìjà yìí. N kò dá ẹjọ́ kankan. Mo ra ìwé olójú-ewé 40, mo fi òwú so báírò mọ́ ọn, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ná kọ́bọ̀ nínú ilé náà, títí kan ọmọ tí a rán ní ṣúgà, kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó sùn. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnì kejì ní ìdí tó fi ná an, fún ọjọ́ 30. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, irọ́ ni ìdajì ohun tí wọ́n kọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ń di òótọ́. Nígbà tí mo padà lọ, epo ti ta sí ìwé náà, ojú ewé kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì, ohun tí a sì bá nínú rẹ̀ kò gbe ìyàwó, kò gbe ọkọ. Omi inú ọ̀rá ni, àti owó ìpè tí wọ́n ń rà ní 200, 200, àti ohun tí oní-POS ń gbà nígbà tí wọ́n bá lọ gba owó tí kò tó nǹkan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló lékè gbogbo wọn. Ìyàwó ilé náà wo iye rẹ̀, ó dákẹ́, ó ní, “Èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé mi dé ọjà kí n lè ra ata tó dínwó.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ tún Òkè-Àjé rò. Òótọ́ ni pé ọjà dínwó níbẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà yín lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti lọ ra ohun ọjọ́ méjì, ẹ wo owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bí ẹ ṣe ń wo iye ata, kí ẹ pín in lé orí ohun tó wà nínú báàgì. Nígbà mìíràn, ìyá aládùúgbò tó fi 50 náírà lé e ló dínwó jù. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìṣonyìn níhìn-ín, pé orí rẹ̀ pé tó fi ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọdé máa ń rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò ohun tí mọ́tò ń jẹ, tó sì mọ bí ojú òpópó ibi tí alájọ ń wọ̀ ti há tó, kò ní fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lọ sí Òkè-Àjé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹ ra ohun tó lè pẹ́; kí ẹ fi ewébẹ̀ àti ata sílẹ̀ fún itòsí ilé.

Ọ̀rọ̀ rírà ní wẹ́wẹ́ ló kàn, ó sì tó ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi òróró dán an wò. Mo ń ra òróró inú ọ̀rá kékeré, èyí tí wọ́n ń so ní kókó, lọ́wọ́ obìnrin kan náà; mo ń dà á sínú ìgò kan náà tó fi ń ta odindi. Ọ̀rá mẹ́sàn-án kò kún un. Ìkẹwàá ló kún un, owó ọ̀rá mẹ́wàá náà ì bá sì ra ìgò kan, ì bá tún ku owó iyọ̀ àti Maggi. Obìnrin náà kò yàn mí jẹ. Ó ra ọ̀rá, ó jókòó so ó, díẹ̀ dà nù sí i lọ́wọ́, àsìkò rẹ̀ sì lówó lórí. Ẹni tí kò ní owó ìgò lẹ́ẹ̀kan náà ló ń san gbogbo ìyẹn. Nítorí náà, ohun tí ẹ rò pé rírà lápò á dín ìnáwó kù, ẹ rò ó re. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni owó tí ẹ fẹ́ fi rà á. Ká ní ohun tí ẹ̀ bá rà ní 100 náírà ní wẹ́wẹ́, ẹ rí i rà ní 85 lápò. Ìyẹn dára púpọ̀. Bí ẹ bá yá 85 náà bí ẹ ṣe yá ti táàmù àkọ́kọ́, èlé 25 lórí 100 yóò gbé e kọjá 106. Ẹ ti pàdánù kí ẹ tó dáná. Sọ́gùndogójì ni àwọn bàbá wa ń pe irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ẹ lè ṣe láìyá kọ́bọ̀ ni kí ẹ̀yin àti aládùúgbò méjì pín àpò ìrẹsì kan láàárín ara yín ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀wà.

Rírà lápò ní àléébù tirẹ̀ tí àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn kì í sọ. Ọwọ́ kì í wọ́n ohun tó bá wà nílẹ̀. Ilé tó ń ra dẹ́ríkà kan lójúmọ́ ń ka ìwọ̀n. Ilé tó ní àpò ń bu. Mo ti rí àpò ìrẹsì tó yẹ kó pé oṣù méjì tó tán ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí olúwa rẹ̀ sì ń búra pé wọ́n ta òun ní àpò tí kò kún. Ẹ fi kóńgò kan sínú àpò náà, kí ó máa gbé ibẹ̀, kí ẹ má sì fi ohun mìíràn bù ú. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ ní kòkòrò: ẹ sá a dáadáa, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ wọ́n oògùn apakòkòrò sí i, nítorí oògùn ti pa odindi ilé rí. Gàrí, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú: èyí tó kan, tó sì gbẹ débi pé ó ń dún lọ́wọ́, yóò pẹ́, èyí tó bá ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ mọ̀ pé kò jinná lórí agbada. Ẹran àti ẹja kì í ṣe ohun à ń kó jọ níbi tí iná ọba kò ti dúró. Tòmátì máa ń wọ́n gan-an láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, ó sì máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti òkè ọya ní ìparí ọdún. Ẹ jẹ ohun tí àsìkò bá gbé wá. Ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ díẹ̀, á bọ́ ènìyàn mẹ́fà ní owó tó kéré sí ti ìrẹsì àti ẹran, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá gbà láti jẹ ẹ́.

Ní ti iná, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná wọn yẹ kó pẹ́ jù lójúmọ́, lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀, ohun tó ń mú ooru jáde ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan; ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, kí ẹ má ṣe máa tan áyọ́ọ̀nù fún ṣẹ́ẹ̀tì kan lárààárọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí gáàsì lè pẹ́. Ó tán.

Ẹ bi mí bóyá àjọ ló dára ni àbí ẹgbẹ́. Àjọ àti èésú kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ti ń pò wọ́n pọ̀. Àjọ ni èyí tí alájọ ń wá gbà lójoojúmọ́: ẹ fi 1,000 sílẹ̀ fún ọjọ́ 30, ó kó 29,000 fún yín, 1,000 ti ọjọ́ kan sì jẹ́ owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú báńkì wò ó yóò ní ó wọ́n, nítorí ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú owó yín. Síbẹ̀, fún owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ bíi ti ọkọ yín, n kò mọ ohun tó tún lè gba 1,000 kúrò lọ́wọ́ ènìyàn kí ọjọ́ tó ṣú. Ewu rẹ̀ ni kí alájọ sá lọ, tàbí kó kú, kó sì jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni ìṣirò wà. Ẹ má ṣe fi owó sọ́dọ̀ rẹ̀ kọjá oṣù kan. Èésú ni ti àwọn tó kó ara wọn jọ, tí oníkálukú ń dá iye kan, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi yí ká. Bí ènìyàn 12 bá ń dá 25,000, 300,000 ni oníkálukú yóò kó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ẹni tó kọ́kọ́ kó o yá owó láìsan èlé, ẹni tó sì kó o kẹ́yìn yá ènìyàn lówó láìgba èlé. Bí ọjà ṣe ń gbówó lórí yìí, 300,000 ti ìparí ọdún kò lè ra ohun tí ti ìbẹ̀rẹ̀ rà. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn mi pé kí ìtò máa yí lọ́dọọdún. Kí ẹ̀yin má sì jà fún ipò kìn-ín-ní. Oṣù tó ṣáájú ìnáwó yín ni kí ẹ bẹ̀ fún.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dára fún ẹ̀yin olùkọ́ ju fún ọkọ yín lọ, nítorí wọ́n lè máa yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù kó tó dé ọwọ́ yín. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó bá ti dá owó fún oṣù mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní, pẹ̀lú onídùúró méjì, ní èlé 10 lórí 100 fún odindi ọdún. Ẹ fi ìyẹn wé 25 lóṣù kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè kó owó yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́, àti pé bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ ṣe onídùúró fún òun tí kò sì san án, ọrùn yín ni yóò wà. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún tó bàjẹ́ lórí èyí. Owó tí ẹ bá fẹ́ kó wà ní ọwọ́ itòsí, ẹ fi sí báńkì tó ní ìwé-àṣẹ, sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì: láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dúró fún owó àwọn oníbàárà báńkì, ń dáàbò bo tó mílíọ̀nù 5 náírà oníbàárà kan ní báńkì ńlá, àti mílíọ̀nù 2 ní báńkì kékeré tí wọ́n ń pè ní microfinance. Kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lórí àjọ. Ẹni tó bá sì ní òun yóò fi 30 lórí 100 kún owó yín láàárín oṣù kan, MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀ kan, ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, èésú 25,000 lóṣù ni n bá fi bo owó ilé àti Ìléyá, nítorí 300,000 gan-an ni méjèèjì. Àjọ 1,000 lójúmọ́ ni n bá fi bo owó ilé-ẹ̀kọ́, tó jẹ́ 27,500 lóṣù. Ní ti Ìléyá yìí, n kò ní sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú pé kó má dé Ojúde Ọba. Àwọn regbẹ́regbẹ́ ọkọ yín náà ni yóò dúró tì yín lọ́jọ́ ìṣòro, mo sì ti rí i kí n tó sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe ni kó bi akápò wọn nípa aṣọ ọdún tó ń bọ̀ ní kété tí ti ọdún yìí bá ti parí, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ẹbí ti òde àwọn ẹlòmíràn ni kí ẹ fi ààlà sí. Ẹ mú iye kan lọ́dún, bó bá ti pé, ẹ fi owó díẹ̀ sí àpò ìwé, kí ẹ wọ aṣọ tó wà nílé lọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ra aṣọ ẹbí mẹ́ta láàárín oṣù kan rí. Méjì ṣì wà nínú àpótí mi, télọ̀ kò tíì fojú kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ọgbọ́n mi mọ. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, 111,500 fún ènìyàn mẹ́fà jẹ́ nǹkan bí 3,700 lójúmọ́, gáàsì, iná àti owó ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kò pọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ 77,000. Ẹ̀yin kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ìṣọ́ra ní ilé ìdáná lè dá 10,000 tàbí 15,000 padà lóṣù, 15,000 èlé orí fóònù náà kò sì ní sí mọ́, ṣùgbọ́n n kò rí bí ìyẹn nìkan ṣe máa kún 52,500. Ìyókù, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò pinnu rẹ̀. Ìnáwó tó tóbi jù lọ lọ́rùn yín ni 270,000 ti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí, ju èmi lọ. N kò ní kí ẹ kó àwọn ọmọ kúrò. Mo kàn ní kí ẹ fi ìdí tí ẹ fi ń san án hàn ara yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ lè máa kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn ní Mọ́lípa lè ru apá kan nínú rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ ni yóò nira jù, nítorí ẹ̀ ń dí àlàfo àtijọ́, ẹ sì ń tọ́jú ti iwájú. Ẹ má gbé ẹrù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí táàmù tó wọlé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ti yọjú ṣáájú kí ilé-ẹ̀kọ́ tó lé ọmọ rẹ̀ sílé, wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ pẹ̀lú 500. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ fi ìṣirò yìí han ọkọ yín, ẹ má ṣe gbé e síwájú rẹ̀ bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sí kóòtù. Ẹ dúró di ọjọ́ Àìkú tó ti jẹun, kí ẹ fún un ní báírò, kí ẹ ní kó bá yín ṣe ìṣirò 630,000 náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá dé 111,500, kò sí ẹni tí yóò tún pe ẹnikẹ́ni ní àpà lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ra ìwé olójú-ewé 40, kí ẹ so ó mọ́ ìṣó. Bí ó bá pé oṣù kan, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣí ni ti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 22.